Àyẹ̀wò ni, ìwádìí kọ́: lórí ọ̀rọ̀ "audit" àti ilé aṣòfin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ Ajé, mo sì ti pinnu pé n kò ní dá sí i, àfìgbà tí mo rí i pé ó fẹ́ dìjà. Nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bó ṣe rí nìyí. Ẹ̀gbọ́n wa kan túmọ̀ ìròyìn kan sí Yorùbá, nípa bí ará ìlú ṣe dìbò ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, pé kí ọ́dítọ̀ ìpínlẹ̀ náà lágbára láti ṣe "audit" ilé aṣòfin wọn. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ báyìí: "Àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wádìí ilé aṣòfin." Àbúrò kan fò dìde, ó ní ìwádìí kọ́, "ìṣàyẹ̀wò owó" ni. Ẹnì kẹta ní kí gbogbo wa fi "ọ́díìtì" sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ta ni kò mọ̀ ọ́n. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di "ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Yorùbá" àti "ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì".

Ti ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí òun ló léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.

Ìgbà kan wà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọdọọdún ni ọ́dítọ̀ máa ń wá yẹ ìwé wa wò. Òfin ẹgbẹ́ ni. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jalè. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gorí àga, èmi ni mo dìde nípàdé tí mo kéde pé, "Àwọn ọ́dítọ̀ ń bọ̀ wá wádìí ìwé wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Akápò wa jẹ́ màmá kan tó máa ń fi rọ́bà di rìsíìtì oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Màmá tú gèlè, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló fẹjọ́ mi sùn? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé." Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jókòó padà, mo sì gba ìbáwí tó tó mi.

Nígbà tí ọ́dítọ̀ wá dé, bàbá jẹ́jẹ́ kan ni. Ó mú báírò aláwọ̀ ewé dání, ó sì ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ iye owó kọ̀ọ̀kan nínú léjà. Ó ń pe iye, màmá ń nawọ́ rìsíìtì sí i, ó ń fi àmì sí i, ó ń kọjá. Ìwé kan ṣoṣo ni kò rí, ìyẹn fáwọ́ṣà owó àga tí a yá fún ìpàdé ọdún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí a lọ wá a. A wá a, a rí i nínú àpò ẹni tó lọ yá àga. Ó parí síbẹ̀.

Ohun tí bàbá yẹn ṣe, kò sí ẹni tó rí i tó máa pè é ní ìwádìí. Wá ìdí, ni a sọ di wádìí. Ìdí ọ̀ràn là ń wá, nítorí náà ọ̀ràn ti ní láti wà nílẹ̀ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá ń wádìí, EFCC ń wádìí, òbí tí kò fọkàn tán ọkọ tí ọmọ mú wálé náà ń wádìí. "Audit" kò nílò ìfura kankan. Ọdún yípo, àkókò tó, a ṣí ìwé. Bí aboyún ṣe ń lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ni: ara rẹ̀ le, ó sì ń lọ, kò sì sí ẹni tó máa bi í pé kí ló ṣe.

Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n máa rò pé owó kan ti sọnù ní Massachusetts, pé wọ́n ń lé àwọn aṣòfin kiri. Ìbò náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ tún wo ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 128 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣe ìwádìí, kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìmọṣẹ́ tàbí ìfowóṣòfò. Abala 125 sì fún Auditor-General ìpínlẹ̀ lágbára láti yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ wò, àti ti gbogbo ọ́fíìsì àti ilé-ẹjọ́ tó wà níbẹ̀. Abala méjì péré ló wà láàárín wọn. Bí a bá wá fi "ìwádìí" túmọ̀ méjèèjì, òǹkàwé kò ní mọ ìgbà tí ilé aṣòfin jẹ́ ẹni tó ń bi èèyàn léèrè àti ìgbà tó jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bi. Ìwádìí ti ní oníǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún un.

Ó kan àbúrò. O gbìyànjú, nítorí "àyẹ̀wò" dára. (Mi ò mọ ohun tó dé tí a fi ń sọ "ìṣàyẹ̀wò" ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé àyẹ̀wò nìkan kò wúwo tó. Ilé ìwòsàn ò sọ "ìṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀".) Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ ni "owó" tó o so mọ́ ọn.

Òfin Massachusetts tí ìbò náà tún ṣe, orí 11, abala 12, kò sọ pé owó nìkan ni kí ọ́dítọ̀ yẹ̀ wò. Ó dárúkọ ìwé ìṣirò, ó sì tún dárúkọ àwọn ètò àti iṣẹ́ tó so mọ́ ìṣirò náà. Ìyẹn ni pé ọ́dítọ̀ lè béèrè pé: owó yìí, kí lẹ fi ṣe? Ṣé bí òfin ṣe là á kalẹ̀ lẹ ṣe é? Ṣé ohun tí ẹ fi ṣe sì so èso? Orí ibí yìí gan-an ni wọ́n ti fa á. Diana DiZoglio tó jẹ́ ọ́dítọ̀ ìpínlẹ̀ náà láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ní òun fẹ́ yẹ iṣẹ́ ilé aṣòfin wò. Àwọn olórí ilé dáhùn pé oníṣirò àdáni ń yẹ ìwé owó àwọn wò, àti pé kí ẹ̀ka ìjọba mìíràn wá máa tú iṣẹ́ àwọn wò ta ko òfin tó pín agbára ìjọba sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé o rí i, àbúrò? Bí o bá kọ "ìṣàyẹ̀wò owó", o ti bá àwọn olórí ilé gbèjà láìmọ̀. Apá kékeré tí wọn kò jà lé lórí lo túmọ̀, èyí tí wọ́n ń jà lé lórí ti bọ́ sílẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní kí a máa sọ "ọ́díìtì", kò burú lẹ́nu. Èmi náà ń sọ ọ́, mo sì ti kọ "ọ́dítọ̀" níbí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí a fẹ́ kí ará oko lóye, kò yẹ kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró ni yóò fò ó lórí.

Kí n tó sọ tèmi, ohun kan wà nínú ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ bà, ó sì dùn mọ́ mi ju "audit" lọ. Ní ìpínrọ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n kọ "Ilé-Ẹjọ́ Gbogbogbòò ti Massachusetts". Mo dúró síbẹ̀, mo ní, ilé-ẹjọ́ tún ti wọ̀ ọ́ báwo? Àṣé "General Court" ni wọ́n ń pe ilé aṣòfin wọn, àwọn 160 ní ilé kékeré àti 40 ní ilé àgbà. Kì í ṣe ilé-ẹjọ́. Orúkọ àtijọ́ ni, láti ayé ilé-iṣẹ́ Massachusetts Bay tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ní ìwé àṣẹ lọ́dún 1629. Ìpàdé gbogbo àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìpàdé gbogbogbòò, bíi ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa! Nígbà tó yá ló di ilé tó ń ṣòfin fún odidi ìlú. Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ yọ "ẹjọ́" kúrò kíákíá, nítorí ẹni tó bá ka "wádìí" tó tún ka "ilé-ẹjọ́" nínú ìròyìn kan náà, ẹ̀wọ̀n ló kù tó ń wá.

Orúkọ yìí kan náà wà nídìí ìjà náà. Òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ka oríṣiríṣi ibi tí ọ́dítọ̀ lè wọ̀: ẹ̀ka, ọ́fíìsì, àjọ, ilé-iṣẹ́ ìjọba. "Department" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ṣé ilé aṣòfin wà lára "department"? Ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, èyí tó ti wà láti ọdún 1780, pe ilé aṣòfin ní "legislative department" nínú abala tó pín agbára. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Agbẹjọ́rò Àgbà wọn, Andrea Campbell, sọ pé òfin bó ṣe wà nígbà yẹn kò fún ọ́dítọ̀ lágbára láti yẹ ilé aṣòfin wò bí ilé fúnra rẹ̀ kò bá gbà. Ohun tí ìbò ọdún 2024 ṣe ni pé ó ki orúkọ General Court bọ inú gbólóhùn náà ní tààrà, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé òun ò rí i. Nínú ẹni 100 tó dáhùn ìbéèrè náà, àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lé ní 70. Àríyànjiyàn ò sì torí ìyẹn tán.

Ẹ padà wo abala 125 tiwa: "gbogbo ọ́fíìsì àti ilé-ẹjọ́". Báwo la ṣe fẹ́ túmọ̀ "office" yẹn? Mo ti rí "ilé-iṣẹ́ ìjọba". Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ti omi, ti ọ̀nà, ti ẹ̀kọ́. Ilé aṣòfin kì í wá sí wọn lọ́kàn. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú ilé aṣòfin yọ kẹ́lẹ́ kúrò nínú òfin, láìsí aṣòfin kankan tó dìbò sí i.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ mú wá. Láti inú èdè Látìn ni "audit" ti wá, ìdí rẹ̀ sì ni gbígbọ́. Láyé ọjọ́sí, wọ́n á ka ìṣirò sókè, ọ́dítọ̀ á jókòó, á máa gbọ́. Nígbà tí mo rántí èyí, inú mi dùn, nítorí àwa náà ní ọ̀rọ̀ kan tó bá a mu wẹ́kú: ìjíhìn. Jẹ́ ìhìn, ni jíhìn. "Jẹ́" yẹn kan náà ló wà nínú jíṣẹ́. Ẹni tí a rán ló ń jíṣẹ́. Tó bá dé, yóò jíhìn fún ẹni tó rán an. Òwe wa sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Nítorí náà, nígbà tí a bá pe aṣòfin ní aṣojú, a ti sọ pé a rán an ni. Ìjíhìn kì í ṣe ẹ̀bùn tó máa fún wa nígbà tó bá wù ú. Apá tó kù nínú iṣẹ́ tí a rán an ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn "àkóyawọ́" tí wọ́n ń sọ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tó kó ìwé síta fún gbogbo ayé ti ṣe àkóyawọ́. Kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ "ṣírò iṣẹ́ ìríjú rẹ". Gbólóhùn yẹn sún mọ́ ọn dáadáa, àmọ́ ohùn ìwàásù wà lára rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó bá ìwé òfin mu.

Ni mo bá hun ọ̀rọ̀ kan: agbọ́jíhìn. Ẹni tó ń gbọ́ ìjíhìn. Ó dùn mọ́ mi débi pé n kò lè sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe màmá akápò wa lórí fóònù, mo ní, "Màmá, bí mo bá pe ọ́dítọ̀ ní agbọ́jíhìn ńkọ́?" Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá yẹn gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi ni? Gbogbo bí mo ṣe ń ṣàlàyé, rìsíìtì ló ń béèrè."

Ọ̀rọ̀ tán. Òótọ́ ni màmá sọ. Àwọn ará Látìn lè máa gbọ́; ọ́dítọ̀ òde òní kì í gba ẹnu gbọ́, ojú ló fi ń wo ìwé. Mo fi agbọ́jíhìn sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn díẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni "àyẹ̀wò ìjíhìn". Àyẹ̀wò kò fura sí ẹnikẹ́ni, kò sì gba ẹnu gbọ́. Ìjíhìn gba owó mọ́ra, ó gba iṣẹ́ mọ́ra, ó sì rán wa létí pé ẹnìkan ló rán àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ẹni tó ń ṣe é, kí a máa pè é ní olùyẹ̀wéwò. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà tẹ́lẹ̀, kò sídìí láti tún un hun.

Ọ̀rọ̀ "independent" tó bá ọ́dítọ̀ rìn nínú ìròyìn náà ló wá fún mi ní ìdààmú. Ẹ̀gbọ́n kọ "òmìnira". Òmìnira jẹ́ ti ẹni tó bọ́ lóko ẹrú, tàbí ti orílẹ̀-èdè. Olùyẹ̀wéwò kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Àdáni" ń kọ́? Oníṣirò àdáni tí àwọn olórí ilé ń tọ́ka sí nìyẹn, ẹni tí ilé fúnra rẹ̀ wá lọ gbà síṣẹ́. Bóyá èèyàn lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "independent" wà lára ohun tí wọ́n ń fà. "Tí kò fì síbì kan" wuyì, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí ni ìyẹn, ó sì lè wà lára ẹni tí ọ̀gá lè lé lọ lọ́la. Àwa náà kúkú ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí: INEC ni à ń pè ní àjọ elétò ìdìbò, a fi lẹ́tà àkọ́kọ́, tó dúró fún "Independent", sílẹ̀ kó máa wá ìtumọ̀ kiri.

Mo wá lọ wo bí ìwé òfin wa ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Abala 125, ẹsẹ 6, ní Auditor-General ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ àṣẹ tàbí ìdarí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ yìí. Mo ní hẹn, "olùyẹ̀wéwò aláìgbàṣẹ"! Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín pa mí. Ẹni tí kò gbàṣẹ lè jẹ́ ẹni tí ẹnìkan kì í pàṣẹ fún, ó sì tún lè jẹ́ ẹni tó lọ ṣe nǹkan láìgba àyè. Ìkejì yìí gan-an ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan DiZoglio. A ò lè fi ẹ̀sùn ṣe oyè fún un.

Kò yẹ ká máa di gbogbo nǹkan sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ẹni di mọ́ínmọ́ín. Kí a sọ ọ́ gbọrọ: "tí kò sí lábẹ́ àwọn aṣòfin". Dídára rẹ̀ ni pé ó ń fipá mú òǹkọ̀wé láti dárúkọ ẹni tí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní Massachusetts, ará ìlú ló ń dìbò yan olùyẹ̀wéwò ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, nítorí náà ó rọrùn láti sọ. Lọ́dọ̀ wa, gómìnà ló ń yàn án lórí àbá àjọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé aṣòfin ló ń fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin yìí kan náà ló ń gba ìròyìn rẹ̀ wọlé; bí gómìnà bá sì fẹ́ yọ ọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ "tí kò sí lábẹ́ àwọn aṣòfin" nípa rẹ̀ máa kọ́kọ́ dá báírò dúró díẹ̀ kó ronú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá ti jẹ́ kó sáré kọjá.

Bí mo ṣe máa tún gbólóhùn ẹ̀gbọ́n kọ nìyí: "Àwọn olùdìbò ní Massachusetts fọwọ́ sí i pé kí olùyẹ̀wéwò ìpínlẹ̀ náà, tí kò sí lábẹ́ àwọn aṣòfin, máa ṣe àyẹ̀wò ìjíhìn fún ilé aṣòfin."

Kí àbúrò tó bú mi, mo ti rí i: "fún ilé aṣòfin" lè túmọ̀ sí pé ilé aṣòfin ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ̀fọ́rí ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n yẹ̀ àti wò kì í kọ̀ kí nǹkan wọ àárín wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ "kí ó máa yẹ ìjíhìn ilé aṣòfin wò". Ó kúrú, kò sì sí ẹni tó lè ṣi ẹni tí à ń yẹ̀ wò mọ̀.

"Department" ló kù tí n kò rí ojútùú rẹ̀. "Ẹ̀ka" ni mo fi dípò rẹ̀ lókè, àmọ́ ẹ̀ka ti igi ni, ti ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì ni, àti ti yunifásítì pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀, kó mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó fi àtúnṣe ránṣẹ́.